Wàsíyyà àti Wákáfù: Kí Ọmọ Òrukàn Má Baà Pàdánù Nínú Ogún

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, kì í ṣe gbogbo ọmọ òrukàn tí à ń fi sàká yín tọ́jú ni a bí sínú òṣì. Àwọn kan wà nínú wọn tí bàbá wọn àgbà kọ́lé sí Òkè-Àdó, tó tún ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà'ba. Ohun tó sọ wọ́n di aláìní ni pé bàbá kú láì kọ nǹkan kan sílẹ̀, tàbí pé ó kọ ọ́ ní ọ̀nà tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá bá kú láì kọ nǹkan kan, tí ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù, àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi pín dúkìá rẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, kò fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìyàwó mẹ́rin ló bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án? Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Kóòtù tó ga jù ú lọ yí i padà ní 1958, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi òǹtẹ̀ lu ìdí-igi ní 1962. Ọdún méjìlélógún ti kọjá lórí ikú bàbá nígbà náà! Ẹ sì wò ó dáadáa, kò sí èyí tó jẹ́ ìpín Àlùkùránì nínú ọ̀nà méjèèjì. Nínú ìdí-igi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá kan bí lè gba iye tí ọmọ mẹ́rin ìyá mìíràn yóò jọ pín. Opó kò sì ní ìpín kankan níbẹ̀.

Ètò ti ẹ̀sìn wa wà nínú Sūratun-Nisā', āyah kọkànlá àti ìkejìlá. Ẹ jẹ́ kí á fi owó ṣe é. Ọkùnrin kan fi ₦42,000,000 sílẹ̀. Ìsìnkú àti gbèsè kó ₦6,000,000, ó ku ₦36,000,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta èyí, ìyẹn ₦12,000,000, ni àṣẹ wàsíyyà rẹ̀ mọ. Kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ fún ẹni tí yóò jogún. Ẹ rántí Sa'd ọmọ Abū Waqqās tó fẹ́ fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ rẹ̀ ṣe sàráà: ìdá kan nínú mẹ́ta ni Ànábì gbà á láyè, ó sì ní ìyẹn náà pọ̀. Bí ọkùnrin wa bá lo gbogbo ìdá náà, ₦24,000,000 ló kù fún ogún. Ìyàwó rẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ₦3,000,000. Ìyá rẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ₦4,000,000. Ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan pín ₦17,000,000 tó kù: ₦6,800,000 fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, ₦3,400,000 fún obìnrin.

Ká wá ní ọmọkùnrin kẹta ti kú ṣáájú bàbá, tó sì fi ọmọ méjì sílẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ yìí kò jogún nǹkan kan, nítorí pé àwọn ọmọkùnrin olóògbé wà láyé. Ibi tí ọmọ òrukàn ti ń bọ́ sílẹ̀ nìyí. Nítorí pé wọn kò sí lára ajogún, a lè kọ wàsíyyà fún wọn. Ilẹ̀ Íjíbítì tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan nínú òfin wọn ní 1946. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ bàbá àgbà ló wà. Èmi kò mọ sàráà tó yẹ kó ṣáájú èyí nínú ìdá kan nínú mẹ́ta náà.

Owó tí a há lẹ́ẹ̀kan lè tán lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí wákáfù fi yẹ kó bá wàsíyyà rìn. Sàábé Umar ní ilẹ̀ kan ní Khaibar, ó sì gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Ànábì. Ìmọ̀ràn náà ni pé kí ó dá ilẹ̀ náà dúró láìtà, láìjogún, kí ó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Àwọn ẹbí pàápàá wà lára àwọn tó ń jẹ níbẹ̀. Umar wá kọ ìwé wàsíyyà pé Hafsa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni kí ó máa bójú tó o. Wákáfù ló pa dúkìá mọ́, wàsíyyà ló yan alámòójútó. Kí àwọn tó ń sọ pé obìnrin kò lè di dúkìá ẹbí mú ka ìtàn yìí dáadáa.

Lọ́dọ̀ wa, ilé oníyàrá tó ń mówó wá ní òpópónà Ìmàlẹ̀fàlàáfíà lè ṣe iṣẹ́ kan náà (orúkọ àdúgbò náà tó ìwàásù fún àwọn tó ń jà sí ogún). Owó ilé ni yóò máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ìlànà Mālik tí à ń kọ́ nínú Risālah ní nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: dúkìá náà gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ alámòójútó nígbà tí ẹni tó ni ín wà láyé, tí ara rẹ̀ sì le. Bí bàbá bá sọ ilé di wákáfù lẹ́nu, tó ń gba owó ilé sápò ara rẹ̀ títí tó fi kú, ogún ni ilé náà. Bí ó bá ṣe é lórí àìsàn tó pa á, wàsíyyà ni, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. A kò sì gbọdọ̀ fi wákáfù ya ọmọbìnrin sẹ́yìn. Mālik kórìíra rẹ̀.

Ìwé ńkọ́? Ní 1971, nínú ẹjọ́ Adesubokan àti Yinusa, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé ìhágún tí Mùsùlùmí kan kọ ní ìlànà òyìnbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù ìsàlẹ̀ ti fagi lé e nítorí Sharia. Nítorí náà, ẹ má retí pé adájọ́ ni yóò tún ohun tí ẹ kọ kọjá Sharia ṣe. Kí àfáà tó mọ ìmọ̀ ogún àti lọ́yà jọ jókòó. Kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, kí ìkankan nínú wọn má sì jẹ́ ẹni tí ẹ há nǹkan fún, nítorí ẹ̀bùn rẹ̀ yóò bọ́. Ní ti wákáfù, bí ilẹ̀ bá máa kúrò ní orúkọ yín, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ Sharia tí a dá sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba ní 2002 jẹ́ ti ẹni tó bá gbà láti wá. Kò lè fi agbára mú ẹni tó bá kọ̀.

Kí ẹ tún dárúkọ wàsíyyù, ẹni tí yóò di owó àwọn ọmọ kéékèèké mú, kí ẹ sì fi ẹnì kejì tì í. Kí ó ní ìwé ìṣirò tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. Nígbà tí ọmọ bá bàlágà, tí a sì dán an wò pé ó ní làákàyè owó, kí ó kó dúkìá rẹ̀ fún un lójú àwọn ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí āyah kẹfà Sūratun-Nisā' ti pa á láṣẹ. Ẹ sì sọ ibi tí ìwé wà fún ju ẹnì kan lọ; a lè fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí kóòtù gíga.