Fífá àti Híhọ: Ẹ̀kọ́ lórí Àtúnṣe Ilẹ̀ Onípákó Àtijọ́

Ìfáárà
Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì àti Kúbà padà sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó. Díẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù nínú wọn. Èyí tí a mọ̀ sí Ilojo Bar ní Tinúbú, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, ni wọ́n wó ní ọdún 2016. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé a lè tún ilẹ̀ onípákó ṣe láì fá a tán, àti pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ìyàtọ̀ láàárín 'fá' àti 'họ'
Ẹni tí a fá lórí kò ní irun mọ́. Ẹni tí ó họ ara kò bó awọ. Bí a bá fi ẹ̀rọ fá pákó, ara igi gan-an ni a ń mú kúrò, kò sì ní hù padà. Bí a bá ń fá a léraléra, pákó yóò fẹ́lẹ́, orí ìṣó yóò sì yọ síta. Bí ó bá ṣe pé fáníìṣì nìkan ni ó gbó, híhọ ojú rẹ̀ ti tó.

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́
(i) Ẹ kọ́kọ́ dán kọ̀rọ̀ kan wò. Bí èékánná bá họ ohun tí ó dà bí àbẹ́là jáde, ìda ni wọ́n fi kùn ún. Ẹ fi tọpẹntáìnì nù ún kúrò pátápátá, nítorí fáníìṣì kì í lẹ̀ mọ́ ìda.
(ii) Ẹ fọ ilẹ̀ náà, kí ó gbẹ, kí ẹ sì gbá orí ìṣó wọlé.
(iii) Ẹ fi sáńpépà 120 tàbí 150 họ ọ́, kí ẹ tẹ̀lé ìlà ara igi. Ẹ dúró nígbà tí dídán rẹ̀ bá ti kú. Ẹ má ṣe dé ara igi.
(iv) Ẹ nu eruku kúrò, kí ẹ kun fáníìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí àkọ́kọ́ gbẹ kí èkejì tó tẹ̀ lé e.

Ìkìlọ̀
Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú; eruku rẹ̀ a máa ṣe ọmọdé ní jàǹbá, nítorí náà ẹ má ṣe họ ọ́ ní gbígbẹ. Pákó tí ikán ti jẹ, pípààrọ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀
Ní kíláàsì, kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lo 'fá', 'họ', 'bó', 'nù' àti 'kùn' nínú gbólóhùn, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú kúrò tàbí fi kún ojú nǹkan. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn yóò ba ilé baba onílé jẹ́. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n yóò ba èdè jẹ́.