Kọ̀ǹpútà Ibi Iṣẹ́: Ohun Àgbàfipamọ́ Ni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí ohunkóhun kò pamọ́ fún. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nínú súrà An-Nisā', āyà 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a dá ohun àgbàfipamọ́ padà fún àwọn tó ni ín. Kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú wa níbi iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà, epo jẹnẹrétọ̀, àti wákàtí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ san owó fún wa.

Kí ló dé tí ẹni tí kò lè jí kọ́bọ̀ fi ń fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì tẹ ìwé ìkómọ ẹbí rẹ̀? A rí ìdí mẹ́ta. Èkíní ni àìní: iná kì í dúró nílé, dátà wọ́n, fọ́ọ̀mù ìdánwò ọmọ kò sì lè dúró. Èkejì ni ìbínú: owó oṣù kéré tàbí kí ó pẹ́, òṣìṣẹ́ a sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí ó kà sí ẹ̀tọ́, a ní nídìí iṣẹ́ ẹni ni a ti ń jẹ. Ẹ̀kẹta ni ó léwu jù: a kò rí ohun tó dín. Bí a bá gbé àga ọ́fíìsì lọ sílé, àyè rẹ̀ yóò ṣófo. Bí a bá fi wákàtí méjì wo bọ́ọ̀lù, kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ máa ń sọ ìtàn Khalífà Umar ọmọ Abdul-Azeez, tí ó jọba láàrin ọdún 717 sí 720. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí iṣẹ́ ìlú tí ó di ti ilé rẹ̀, a pa àtùpà tí wọ́n fi epo ìlú tàn, a sì tan tirẹ̀. Epo díẹ̀ kò lè sọ ìlú di tálákà, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni hàràámù. Ohun tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá yọ̀ǹda, tàbí tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ tí ó sì fọwọ́ sí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè. Kí a ra bébà wa. Kí a fi iṣẹ́ dípò wákàtí tí a ti lò. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó, kí ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní gbangba. Àbòsí tí wọ́n ṣe sí wa kò sọ ohun oníǹkan di tiwa. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, Ànábì kọ́ wa pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ má ti ọmọlọ́mọ sínú ìdánwò.

Owó iṣẹ́ yìí ni a fi ń bọ́ àwọn ọmọ wa. Kí Ọlọ́hun fọ àrísìkí wa mọ́. Àmín.