Ìwọ̀n Ló Ń Ṣíwájú Iná

Ẹ̀yin ọmọ Ògún lákáayé, ẹ̀yin tí ẹ gbé férémù Ford ọdún 1932 kalẹ̀ nínú gáréèjì yín, tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín sọ ọ́ di hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún ṣe kí ó lè sáré gidi, kí ẹ tó tan iná ìjórin, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ àgbà lórí ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí pé iwájú ni aráyé ń wò kí wọ́n tó yin ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà kan ilẹ̀.

Nígbà tí Ford gbé ọkọ̀ V8 jáde lọ́dún 1932, agbára ẹṣin 65 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí a fi dábùú ni ó sì ru ẹ̀yìn rẹ̀, tí ọ̀pá oníhò tí ó bo pùròpẹ́là mọ́lẹ̀ sì ń di ákísù mú kí ó má baà sún tàbí kí ó yí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì sínú rẹ̀ lónìí, tí ẹ sì ń fi ákísù Ford oní-ínǹṣì mẹ́sàn-án, irú èyí tí ó dé lọ́dún 1957, sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ti yọ ọ̀pá oníhò náà dà nù. Ẹni tí ó bá sì lé ẹrú ilé lọ, kí ó mọ ẹni tí yóò máa ru ẹrù rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà fún ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ṣe: kí a ru ọkọ̀, kí a má jẹ́ kí ákísù lọ síwájú tàbí sẹ́yìn tàbí kí ó yí, kí a má sì jẹ́ kí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ méjì tí a tò sí tọ̀tún tòsì lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe; ṣùgbọ́n sípíríǹgì wíwé kò mọ̀ ju ẹrù rírù lọ, nítorí náà ni a ṣe ń fi ọ̀pá mẹ́rin ràn án lọ́wọ́. Bí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tò lọ ní gbọọrọ bí ojú irin rélùweè, ọ̀pá Panhard tí ó dábùú gbọ́dọ̀ wà láti má jẹ́ kí ákísù fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó gùn dé ibi tí àyè bá gbà á dé, kí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní ìdúró rẹ̀, torí èyí tí ó kúrú tàbí tí ó dagun yóò máa fa ákísù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀.

Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀: èmi kò ní yé tẹnu mọ́ ọn pé ìdúró ọkọ̀ ni olórí ìwọ̀n gbogbo. Ẹ kọ́kọ́ mú táyà, kí ẹ gbé férémù sí gíga tí yóò wà lójú pópó gan-an. Ẹ wọn 106 ínǹṣì láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sì wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun dé igun, kí méjèèjì dọ́gba. Bí ìdí gíà bá tẹ̀ sílẹ̀ ní dígírì mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ẹnu ákísù gbójú sókè ní mẹ́ta pẹ̀lú, kí wọ́n má ṣe dojú kọ ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oríkèé pùròpẹ́là yóò máa gbọ̀n títí yóò fi jẹ. Lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ, ẹ dín dígírì kan tàbí méjì kù nínú ìgbójúsókè náà, nítorí pé ẹnu ákísù a máa gbéra nígbà tí a bá tẹ iná. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀kì lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ má dà á dùbúlẹ̀ jù, torí bí ó ti ń dagun tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi iná to àwọn ìdè ọ̀pá àti sípíríǹgì mọ́ férémù àti ákísù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì, ara ọkọ̀ àti táǹkì lé férémù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó wá jó o tán pátápátá. Nígbà tí ẹ bá ń jó ojú ákísù, ẹ jó ìba díẹ̀ níhìn-ín, ìba díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ó máa tutù láàárín, nítorí ooru a máa tẹ irin náà kọrọdọ. Bóòtì tí ó di bọ́ọ́ṣì onírọ́bà mú, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti fi táyà tẹlẹ̀ tòun ti ẹrù rẹ̀ kí ẹ tó fún un pinpin.

Bí ìjórin rẹ kò bá tíì dá ọ lójú, fi iná tò ó díẹ̀díẹ̀ nìkan, kí o gbé ọkọ̀ náà lọ bá ajórin tí ó gbówọ́. Ojú pópó tí ọkọ̀ rẹ yóò gbà, ọmọ ọlọ́mọ ń rìn níbẹ̀ pẹ̀lú.