Bí Garawa Ìyẹ̀ Igi Kan Ṣe Lè Se Oúnjẹ Òòjọ́

Lẹ́yìn omíyalé, igi ìdáná a tutù, èédú a sì wọ́n. Bí ohun ìdáná bá tán, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni kò ní jinná, omi mímu náà kò ní hó. Omi kànga tí àgbàrá ti wọ̀ sì lè kó àrùn onígbáméjì ran gbogbo ilé.

Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ nípa àdògán oníyẹ̀ igi. Ìyẹ̀ igi ni lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú jáde nílé ìlagi. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di wóró kéékèèké fún sítóòfù. Àwa kò ní ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni: kó gbẹ, kó dì, kí atẹ́gùn rẹ̀ má pọ̀ jù.

Bí a ṣe ń dì í

1. Wá garawa onípáànù. Lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó fẹ̀ tó ẹnu ife kékeré.

2. Sá ìyẹ̀ igi sórí tapólì. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí o fún un. Bó bá dì mọ́ra, kò tíì gbẹ. Bó bá ń yọ́ bọ́ láàárín ìka, ó ti gbẹ. Èyí tó tutù yóò fi iná rẹ̀ gbẹ omi ara rẹ̀ kó tó se nǹkan kan fún ọ.

3. Gbé ìgò nàró sí àárín garawa. Ti igi gbọọrọ kan gba inú ihò wọlé títí yóò fi kan ìdí ìgò.

4. Da ìyẹ̀ igi sí i díẹ̀díẹ̀, kí o máa gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Èyí tí kò dì yóò ya lulẹ̀, yóò sì pa iná.

5. Rọra máa yí ìgò bí o ti ń fà á yọ, lẹ́yìn náà kí o fa igi yọ. Ti èésan tí o ti tanná ràn wọ inú ihò ìsàlẹ̀.

Iná yóò máa jẹ ìyẹ̀ igi láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Fi òkúta kéékèèké mẹ́ta gbé ìkòkò sókè díẹ̀ kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde. Bí iná bá pọ̀ jù, fi àfọ́kù páànù dí ìdajì ihò ìsàlẹ̀.

Bí iná kò ṣe ní jó dànù

Kò rọrùn láti pa iná yìí kí a sì tún un dá, nítorí náà ẹ ṣètò ohun tí ẹ fẹ́ sè kí ẹ tó ṣáná. Ẹ̀wà tí ẹ ti rẹ sómi mọ́jú ni kó kọ́kọ́ gorí iná. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣu tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, omi mímu: ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sì dé e títí yóò fi tutù. Ẹ gbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ka orí ẹ̀ṣẹ́ iná tó kù. Ẹ máa dé ìkòkò. Omi tó bá ti ń hó kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí ẹ koná mọ́ ọn tó. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí ojú afẹ́fẹ́.

Ìkìlọ̀

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró kan ń bẹ nínú iná yìí àti iná èédú tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn. Ó ń pa ẹni tó sùn. Ẹ má ṣe dá a nínú yàrá tàbí kíláàsì tí ẹ ń sùn, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀, ẹ má sì ṣe gbé e wọlé nígbà tí ó kù díẹ̀ kó kú. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó sì ń bì nítòsí iná, ẹ gbé e síta kíá, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má ṣe fi pákó òrùlé ilé tó wó dáná oúnjẹ. Wọ́n sábà máa ń fi oògùn ikán kùn ún.

Ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé

Kí ni a ó kọ́kọ́ gbé kaná lọ́la? Níbo ni a lè kó ìyẹ̀ igi sí tí òjò kò ní dé? Ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọdé nídìí iná?