BÍ A BÁ LÈ PADÀ SẸ́YÌN

Bíbélì kíkà: 2 Ọba 20:1–21:1, Éfésù 5:15–16

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ ní Ekosodin, èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá wo fíìmù kan lórí laptop. Day of Destiny ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2021 ló jáde, Akay Mason àti Abosi Ogba ló darí rẹ̀. Kì í ṣe fíìmù olówó rẹpẹtẹ bíi ti Amẹ́ríkà, díẹ̀ nínú wa ló sì ti wò ó. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan padà sẹ́yìn ní 20 ọdún, kí wọ́n lè yí ipò ìdílé wọn padà.

Ẹnìkejì mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń ronú ọdún tí ǹ bá padà sí. Ní 200 level, mo fi owó ilé-ìwé tí bàbá mi fi ránṣẹ́ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Gbogbo rẹ̀ ló wọmi. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pè mí, irọ́ ni mò ń pa.

Kí ni Ìwé Mímọ́ kọ́ wa?

1. Àkókò wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òjìji padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n 10 nítorí Hesekáyà, a sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀.

2. Àkókò tuntun nìkan kò sọ ènìyàn di tuntun. Lẹ́yìn ìwòsàn rẹ̀ ni Hesekáyà fi gbogbo ìṣúra rẹ̀ han àwọn ará Bábílónì. Ọmọ ọdún 12 ni Mánásè nígbà tó jọba. Nínú ọdún àfikún náà ni a bí i, ó sì ṣe búburú gidigidi. Bí mo bá padà sí 200 level pẹ̀lú ọkàn ìgbà náà, n ó tún ta tẹ́tẹ́.

3. Òní ni a fi ń ra ìgbà padà. Pọ́ọ̀lù kò ní kí a wá ọ̀nà àná. Ó ní kí a rìn bí ọlọ́gbọ́n nísinsìnyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe bàbá mi, mo jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n o ṣeun tí o sọ ọ́." Owó náà kò tíì pé, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò kí n lè máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí bàbá mi bá pè báyìí, àyà mi kì í já mọ́.

Ìbéèrè: Ta ni ó yẹ kí o pè lónìí?

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ kí òní tó di àná. Àmín.