KÍ NI ÌTUMỌ̀ ÒKÚTA YÌÍ?

KÀ: Jóṣúà 4:1-9
KỌ́ SÓRÍ: 1 Sámúẹ́lì 7:12

Bí a bá ń rìn kọjá ní Òdógbólú, a óò rí ibojì oníbíríkì níwájú ilé, tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀. A óò rí òkúta ìpìlẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ojoojúmọ́ ni à ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn lọ sọ́jà. Kí ni wọ́n ń sọ fún ọmọ tí a fà lọ́wọ́?

Olùfẹ́, Ọlọ́run kò kọ òkúta ìrántí. Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, Ó ní kí ọkùnrin méjìlá gbé òkúta méjìlá láti àárín odò. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: kò ní kí wọ́n kọ nǹkan kan sára wọn. Àwọn òbí ni yóò ṣàlàyé nígbà tí ọmọ bá béèrè. Òkúta ń fa ìbéèrè. Ẹnu òbí ni ìdáhùn wà.

Lábẹ́ igi Agia ní Àgbádárìgì ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù ìyìn rere ní 1842. Igi náà wó ní 1959. Ìrántí tí a kọ́ ló kù síbẹ̀. Igi lọ, ọ̀rọ̀ kò lọ, nítorí àwọn tó gbọ́ sọ fún ẹlòmíràn.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn baba wa ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìdílé rẹ, ta ló kọ́kọ́ gba Jésù? Kí ló fi sílẹ̀ kó tó tẹ̀ lé E? Bí o kò bá mọ̀, tètè béèrè. Arúgbó tó mọ̀ ọ́n kò ní wà títí.

Ewu méjì ló wà níbẹ̀:

1. Kí òkúta di òrìṣà. Ọlọ́run ló ní kí Mósè rọ ejò idẹ, síbẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i, Hesekáyà fọ́ ọ túútúú (2 Àwọn Ọba 18:4). Ẹni tó ń da ọtí sórí ibojì baba rẹ̀, tó ń bẹ òkú kó ṣí ọ̀nà fún òun, àgbélébùú orí ibojì náà kò sọ ọ́ di Kristẹni.

2. Kí a gbàgbé. Ìran kan dìde lẹ́yìn Jóṣúà tí kò mọ Olúwa (Àwọn Onídàájọ́ 2:10). A lè fi mábù tó wọ́n ṣe ibojì bàbá àgbà, kí ọmọ mọ iye tí a ná, kó má mọ Olúwa tí bàbá àgbà sìn.

ṢE ÈYÍ LÓNÌÍ: Kí ẹ tó dìde níbi àdúrà yìí, kí àgbà ilé sọ ohun kan tí Olúwa ṣe nínú ìdílé yín. Kí àwọn ọmọ béèrè ìbéèrè.

ÀDÚRÀ: Baba, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rí Rẹ kú mọ́ mi lẹ́nu. Má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ Rẹ dópin lórí ìran mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.