Kí la máa jẹ ní Kúbà?

Ìbéèrè: Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Kúbà nínú oṣù Kejì. Àwọn ọmọ ní ká jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun ní Varadero, níbi tí owó oúnjẹ ti wà nínú owó yàrá. Èmi ń fẹ́ yí erékùṣù náà ká, kí n jẹ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ, kí n sì gbọ́ Yorùbá tí wọ́n ní wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni wá o, mi ò fẹ́ ṣèèṣì jẹ oúnjẹ òrìṣà. Báwo ni ká ṣe é?
*Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà lóṣù Kejì, àsìkò tó dára gan-an lẹ mú. Etí òkun Varadero dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó síbẹ̀ kò tíì dé Kúbà. Ẹ sun ọjọ́ méjì níbẹ̀ kí inú àwọn ọmọ lè dùn, kí ẹ sì máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ká yí erékùṣù ká yẹn, ẹ jẹ́ ká dín in kù. Kúbà gùn ju kìlómítà 1,200 lọ, epo ọkọ̀ sì ṣọ̀wọ́n, bọ́ọ̀sì lè má dé lásìkò tí wọ́n dá. Tó bá jẹ́ èmi ni, Havana, Matanzas àti apá ìlà-oòrùn ni mo máa mú, ìyẹn Santiago àti Baracoa. Bí ọjọ́ ò bá sì tó, Havana ni kí ẹ gé kúrú, kì í ṣe Matanzas.

Ẹ má wọ hòtẹ́ẹ̀lì ní àwọn ìlú wọ̀nyí. Àwọn ará ìlú ń fi yàrá gba àlejò nínú ilé wọn, casa particular ni wọ́n ń pè é. Àmì aláwọ̀ búlúù tó dà bí ìdákọ̀ró ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ibẹ̀ ni oúnjẹ gidi wà. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún onílé láàárọ̀, kó tó lọ wá a kiri ọjà, nítorí kì í ṣe gbogbo ọjà ni wọ́n ń rí rà. Congrí ni ìrẹsì tí wọ́n se pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ wà, tí wọ́n ń da òróró, aáyù àti omi ọsàn kíkan lé lórí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú ni tostones: wọ́n á dín in, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á tún dín in. Fùfú tiwọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń gún un, pẹ̀lú aáyù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín. Quimbombó sì ni ilá, ẹ ò ní ṣì í mọ̀. Ata nìkan ni kò sí. Oúnjẹ Kúbà kì í ta rárá, nítorí náà ẹ fi ata gígún díẹ̀ sínú báàgì.

Baracoa jìnnà, òkè lẹ máa gùn kí ẹ tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Òun ni ìlú tí àwọn Sípéènì kọ́kọ́ tẹ̀ dó ní erékùṣù náà, lọ́dún 1511, àgbọn sì ni wọ́n fi ń se ẹja níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè bacán: ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n rin, tí wọ́n fi omi àgbọn pò, tí wọ́n ki akàn tàbí ẹran sí nínú, tí wọ́n wá pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Bí ẹ bá ṣe ń tú ewé yẹn, bí ẹni ń tú mọ́ínmọ́ín eléwé ni.

Ní ti èdè, Sípáníìṣì ni ẹ máa fi ra nǹkan. Lukumí, tó jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá wa, inú orin àti àdúrà òrìṣà ló kù sí. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ṣiṣẹ́ oko ìrèké lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé tú ló gbé e débẹ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí pátápátá níbẹ̀. Agbègbè Matanzas ni ìrèké pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ìlù rumba wà níbẹ̀, pàápàá ti ẹgbẹ́ onílù Los Muñequitos tí wọ́n ti ń lù láti ọdún 1952. Ẹ dárúkọ ara yín fún àwọn àgbà ibẹ̀ pé Ìyá Ìbejì ni yín, kí ẹ sì máa wojú wọn: Ibeyi ni àwọn náà ń pe ìbejì.

Kí ọkàn yín balẹ̀ lórí oúnjẹ. Akará, olelé àti ekó wà ní Kúbà, àmọ́ ilé olórìṣà ni, níbi ọdún. Wọn kì í tà á kiri títì bí wọ́n ṣe ń ta àkàrà ní Bahia ní Brazil, onílé yín ò sì ní gbé e síwájú yín. Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà ni. Ó máa wọ̀ ọ́ fún ọdún kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má yà á ní fọ́tò. Iyawó ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n, nítorí náà kí Bàbá Ìbejì má bú sẹ́rìn-ín o.

Ẹ kó oògùn yín dání, kó tó yín lò, nítorí ilé oògùn wọn ṣófo. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, iná ń lọ gan-an; ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Nàìjíríà ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Yúrò kéékèèké ni kí ẹ kó lọ́wọ́. Owó CUC tí ìwé atọ́nà àtijọ́ ń sọ ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2021.

Ó ku ẹyọ kan. Bí ìwé ìrìnnà ìlú Ọba lẹ fi ń lọ kí ẹbí ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́: ẹni tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021 kò lè lo ESTA, àṣẹ ìwọlé tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ́, físà ló máa lọ gbà ní ẹ́ḿbásì. Bí ìgbéyàwó tàbí ìkómọ bá wà níwájú yín ní Houston, ẹ kọ́kọ́ lọ jó tibẹ̀ ná.